Ìwé àyẹ̀wò ní kò sí phenol nínú omi yín: ẹ bi wọ́n léèrè dáadáa kí ẹ tó gbà á

Kò sí oníṣòwò kan tó gbẹ́ kànga dẹ̀rọ, tó fẹ́ẹ́ máa ta omi inú ọ̀rá, tàbí tó fẹ́ẹ́ máa fi omi náà se zobo àti kunu tó ń tà, tí kò ní gbé omi rẹ̀ lọ sí ilé àyẹ̀wò lọ́jọ́ kan. Nínú ìwé tí wọ́n bá fún un, ó ṣeé ṣe kó bá ìlà kan tí wọ́n kọ phenol sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í dúró níbẹ̀. Wọ́n á wo kòkòrò àìfojúrí, wọ́n á wo irin, wọ́n á wo pH, bí wọ́n bá sì ti rí "ND" tàbí "<0.05" níwájú phenol, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn.

Ká sòótọ́, nínú gbogbo ìwé náà, ìlà yẹn wà lára èyí tó rọrùn jù láti fi tan ara ẹni jẹ. Kì í ṣe pé ẹni tó ṣe àyẹ̀wò parọ́ o. Ó lè jẹ́ pé ọ̀nà tó gbà ṣe é kò lè rí phenol tó kéré tó iye tí ìlànà ìjọba ń sọ. Ó sì lè jẹ́ pé phenol wà nínú omi náà nígbà tí ẹ pọn ọ́n, ṣùgbọ́n tó ti pòórá nínú kẹ́ẹ̀gì kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Owó yín ti lọ, ìwé ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ ò sì tíì mọ nǹkan kan nípa omi yín.

Kí ló ń jẹ́ phenol? Orúkọ ìdílé ni, kì í ṣe orúkọ ẹyọ nǹkan kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ti gbóòórùn Izal tàbí Dettol rí ti pàdé àwọn ọmọ ìdílé náà. Òórùn èéfín tó máa ń wà lára ẹja yíyan pàápàá, àwọn ọmọ ìdílé yìí wà lára ohun tó ń fà á. Wọ́n wà nínú ewé àti igi tó ń jẹrà. Àmọ́ èyí tó kan oníṣòwò jù ni àwọn tó ń tọwọ́ èèyàn wá: epo bẹntiróòlù tó ń jò lábẹ́ ilẹ̀, ọ́ìlì dúdú tí àwọn mẹkáníìkì ń dà sílẹ̀, omi ìdọ̀tí láti ilé-iṣẹ́ tó ń fọ epo rọ̀bì, gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ pílíwúùdù, ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń kun òpó iná onígi kí ikán má baà jẹ ẹ́, àti oògùn ìfọlẹ̀ tí à ń dà sí ṣáláńgá láìro ibi tí yóò gbà lọ.

Bí phenol fúnra rẹ̀ kò bá pọ̀ nínú omi, ahọ́n kì í tètè mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí chlorine tí à ń fi pa kòkòrò inú omi bá pàdé rẹ̀ ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn méjèèjì á para pọ̀ di ohun tí wọ́n ń pè ní chlorophenol, tó ń rùn bí oògùn ilé ìwòsàn. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ahọ́n lè mọ 2-chlorophenol bó bá jẹ́ pé màíkírógíráàmù 0.1 péré ló wà nínú lítà omi kan. Ti 2,4-dichlorophenol jẹ́ 0.3, ti 2,4,6-trichlorophenol sì jẹ́ 2. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, iye tí àjọ yìí kan náà ní kí 2,4,6-trichlorophenol má kọjá nítorí ìlera ni 200. Ẹ wo bó ṣe rí: ahọ́n oníbàárà yóò ti mọ̀ ọ́n nígbà tí kò tíì ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún iye tí àwọn dókítà ń bẹ̀rù. Ọjà yín lè ti bàjẹ́ tipẹ́tipẹ́ kí ara ẹnikẹ́ni tó bàjẹ́. Àwọn tó ń sin ẹja náà mọ irú rẹ̀, nítorí ẹran ara ẹja máa ń gba òórùn yìí, ẹja á sì di èyí tí kò ṣeé tà.

Ní South Korea, lọ́dún 1991, ọ̀rọ̀ yìí fi ojú ilé-iṣẹ́ ńlá kan gbolẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún náà, phenol tó tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 30 jò láti ilé-iṣẹ́ kan tó jẹ́ ti Doosan ní ìlú Gumi, ó sì ṣàn bọ́ sínú odò Nakdong. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe èròjà fún ẹ̀rọ ẹlẹ́tíróníìkì ni. Omi odò yìí ni wọ́n ń fà fún àwọn ará ìlú Daegu tó wà nísàlẹ̀ odò. Bí òórùn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu ẹ̀rọ omi, tí àwọn aráàlú ń pariwo, chlorine ni wọ́n tún ń dà sí i níbi tí wọ́n ti ń fọ omi. Òórùn náà wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin, phenol tún jò lẹ́ẹ̀kejì láti ilé-iṣẹ́ kan náà. Àwọn èèyàn kọ ọjà Doosan sílẹ̀, títí dé ọtí bíà OB tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, ọ̀gá pátápátá fún gbogbo ilé-iṣẹ́ Doosan sì fipò sílẹ̀. Ẹ má gbàgbé pé imú àwọn tó ń ra omi ló kọ́kọ́ ké gbàjarè.

Kò sẹ́ni tó ń retí kí tọ́ọ̀nù 30 já lu kànga yín. Ìwọ̀nba tíntín ni tiwa, òun gan-an ló sì ṣòro láti rí. Ìlànà omi mímu tí àjọ SON gbé jáde lọ́dún 2007 ní phenol kò gbọdọ̀ ju 0.001 mg/L lọ. Báwo ni ìyẹn ṣe kéré tó? Àpò píọ̀ wọ́tà kan tó ní ọ̀rá 20, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 50, jẹ́ lítà 10. Ọgọ́rùn-ún àpò jẹ́ lítà 1,000. Mìlígíráàmù kan ṣoṣo nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún àpò náà ni ìlànà yìí gbà. Oògùn inú hóró parasitamọ́ọ̀lù kan jẹ́ mìlígíráàmù 500. Ẹ fọ́ ọ sí ọ̀nà 500, kí ẹ mú ẹyọ kan níbẹ̀, kí ẹ pín in sínú ọgọ́rùn-ún àpò. Iye yẹn ni ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò ń wá.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó wà nílé àyẹ̀wò kò lè wo omi lásán kó rí nǹkan tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń kọ́kọ́ fa phenol jáde kúrò nínú omi púpọ̀, tí wọ́n á kó o jọ sínú ìwọ̀nba nǹkan olómi díẹ̀, kó lè pọ̀ tó ohun tí ẹ̀rọ á rí. Ẹni tó bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe epo pupa rí á tètè lóye rẹ̀. Bí wọ́n bá ti po ẹyìn tí wọ́n gún pọ̀ mọ́ omi, epo á ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀, wọ́n á sì bù ú. Ilé àyẹ̀wò náà ní nǹkan olómi tirẹ̀ tí kì í bá omi dàpọ̀, dichloromethane ni wọ́n sábà máa ń lò. Wọ́n á dà á sínú lítà omi kan, wọ́n á gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, wọ́n á jẹ́ kó rò. Phenol á fi omi sílẹ̀, á bọ́ sínú rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé eléyìí wúwo ju omi lọ, ìsàlẹ̀ ló ń lọ, wọ́n á sì ṣí ẹnu ìgò náà nísàlẹ̀ láti fi gbà á. Wọ́n máa ń ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí ẹ̀ẹ̀kan kì í kó gbogbo rẹ̀ tán.

Àṣírí kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí ẹ mọ̀, torí ó kan bí ẹ ṣe máa gbé omi yín lọ. Kí wọ́n tó da nǹkan olómi yìí sí i, wọ́n á fi ásíìdì mú kí omi náà kan, débi pé pH rẹ̀ kò ní ju 2 lọ. Nínú omi kíkan, phenol fẹ́ràn ohun tó dà bí epo. Nínú omi tó ní eérú, bí i ti ìkòkò aláró, phenol á yí padà di bí iyọ̀, inú omi ló sì máa jókòó sí. Ẹ lè gbọ̀n ọ́n títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní jáde. Ilé àyẹ̀wò tí kò bá wọn pH kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ti fi phenol sílẹ̀ sínú omi tó fẹ́ẹ́ dà nù.

Lẹ́yìn náà, wọ́n á rọra jẹ́ kí nǹkan olómi yẹn fẹ́ lọ títí tí yóò fi ku mìlílítà kan. Ohun tó wà nínú lítà odidi ti wá wọ inú mìlílítà kan, ó ti ki ní ìlọ́po 1,000. Ọ̀nà mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò fẹ́ràn báyìí, nítorí kì í jẹ oògùn púpọ̀. Wọ́n á jẹ́ kí omi náà kọjá nínú ike kékeré kan tó dà bí síríǹjì, tí wọ́n kó àwọn hóró wẹ́wẹ́ kan sí. Phenol á lẹ̀ mọ́ àwọn hóró náà, omi á kọjá lọ, wọ́n á wá fi ìwọ̀nba methanol díẹ̀ fọ phenol náà sílẹ̀. Ọ̀nà yìí dára, àmọ́ irú hóró tó wà nínú ike náà ṣe pàtàkì púpọ̀, torí nínú gbogbo ìdílé yìí, phenol gan-an fúnra rẹ̀ ló máa ń yọ̀ bọ́ jù. Ó fẹ́ràn omi ju àwọn àbúrò rẹ̀ lọ.

Ìdí nìyẹn tí ilé àyẹ̀wò tó mọṣẹ́ fi máa ń dán ara rẹ̀ wò. Wọ́n á mú omi kan, wọ́n á fi iye phenol tí wọ́n mọ̀ sí i, wọ́n á ṣe gbogbo iṣẹ́ náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọ́n á wá wo iye tí wọ́n rí gbà padà. Bí wọ́n bá fi 10 sí i tí wọ́n rí 6, ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn, wọ́n á sì mọ bí wọ́n ṣe máa túmọ̀ èsì tiyín. Wọ́n á tún ṣe gbogbo rẹ̀ fún omi mímọ́ lásán. Bí phenol bá jáde nínú omi mímọ́ yẹn, a jẹ́ pé inú ilé àyẹ̀wò wọn ló ti wá.

Tó bá wá kan ti wíwọ̀n, ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀, owó wọn kò sì dọ́gba. Èyí tó pẹ́ jù, tó sì rọ̀ jù lówó, ni ti àwọ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ se omi náà, wọ́n á gba ooru rẹ̀ padà di omi, kí ìdọ̀tí tó lè tan ojú jẹ lè ṣẹ́kù sẹ́yìn. Wọ́n á wá fi oògùn kan tó ń jẹ́ 4-aminoantipyrine sí i pẹ̀lú ìkejì rẹ̀, àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú á sì jáde. Bí phenol bá ṣe pọ̀ tó ni àwọ̀ náà ṣe máa dúdú tó, ẹ̀rọ á sì wọn ìmọ́lẹ̀ tó kọjá nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá wọn àwọ̀ yìí nínú omi bẹ́ẹ̀, láìfà á jáde, ìlànà àjọ EPA ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà sọ pé ohun tó bá ju màíkírógíráàmù 50 nínú lítà kan ló lè wọ̀n. Ìyẹn ni 0.05 mg/L, ìlọ́po 50 iye tí ìlànà tiwa gbà! Àmọ́ bí wọ́n bá fi chloroform fa àwọ̀ náà jọ kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, ó lè sún mọ́ màíkírógíráàmù kan. Oògùn kan náà, ẹ̀rọ kan náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ díẹ̀ tí wọ́n fi kún un ló yàtọ̀. "<0.05" tí a mẹ́nu bà lókè yẹn, ibí yìí ló ti wá. Kò sọ pé omi yín yè. Ohun tó ń sọ ni pé ojú ẹ̀rọ wọn kò ríran kọjá ibẹ̀.

Àléébù kejì tí ọ̀nà aláwọ̀ yìí ní ni pé kì í rí gbogbo ọmọ ìdílé náà. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní para-cresol tí kì í fi àwọ̀ hàn rárá. Òun sì wà lára ohun tó ń mú ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ rùn. Ẹni tí kànga rẹ̀ bá sún mọ́ ilé ẹlẹ́dẹ̀, tó wá lọ ṣe àyẹ̀wò aláwọ̀, lè gba èsì tó dára gan-an nígbà tí ohun tó yẹ kó bẹ̀rù kò sí nínú ohun tí wọ́n wọ̀n.

Ọ̀nà kejì ni èyí tí ẹ óò rí GC, GC-MS tàbí HPLC lórí ìwé rẹ̀. Ẹ̀rọ yìí máa ń ya àwọn ọmọ ìdílé náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, á sì dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Àjọ EPA ní àwọn mọ́kànlá kan tí wọ́n ń ṣọ́ jù. Owó rẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Ní tèmi o, ẹni tí kò sí mẹkáníìkì, ilé epo, sọ́mìlì tàbí ilé ẹlẹ́dẹ̀ nítòsí kànga rẹ̀, tí omi rẹ̀ kò sì rùn nígbà tó fi chlorine sí i, ọ̀nà aláwọ̀ tí wọ́n fi chloroform ṣe tó o láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní ọ̀kan nínú wọn ládùúgbò ni kó ronú nípa GC, kó má baà sanwó lẹ́ẹ̀mejì.

Àmọ́ gbogbo ẹ̀rọ yìí kò lè ṣe nǹkan kan bí omi bá ti bàjẹ́ lọ́nà. Kòkòrò inú omi máa ń jẹ phenol. Bí ẹ bá pọn omi lónìí, tí ẹ gbé e sínú oòrùn, tí ẹ wá gbé e lọ lọ́jọ́ kẹta, wọ́n lè ti jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì oníke kò dára fún iṣẹ́ yìí, torí ike lè fa lára ohun tí à ń wá mọ́ra, ó sì lè fi tirẹ̀ kún un. Ìgò onígíláàsì tó ní àwọ̀ ọ́ńbà, tó gba lítà kan, ni ó yẹ, ilé àyẹ̀wò ló sì yẹ kó fún yín, pẹ̀lú ásíìdì tí yóò mú pH rẹ̀ wálẹ̀ sí 2. Ásíìdì yìí kan náà ló ń dá kòkòrò dúró. Bí ó bá jẹ́ omi tí ẹ ti fi chlorine sí, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n fún yín ní oògùn tó ń pa chlorine, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iṣẹ́ tí chlorine bẹ̀rẹ̀ á máa tẹ̀síwájú nínú ìgò títí dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ fa omi fún bí ìṣẹ́jú mélòó kan kí ẹ tó gbà á. Ẹ má fi omi náà ṣan ìgò, ẹ kàn gbà á sínú rẹ̀ kó kún. Ẹ gbé e sínú kúlà tí yìnyín wà nínú rẹ̀, kó tutù tó nǹkan bí ìwọ̀n 4. Bí ọ̀nà aláwọ̀ ni wọ́n máa lò, omi tí wọ́n fi ásíìdì sí, tó sì tutù bẹ́ẹ̀, lè dúró fún ọjọ́ 28. Bí ó bá jẹ́ GC, kò yẹ kó ju ọjọ́ méje lọ kí wọ́n tó fa phenol jáde nínú rẹ̀. Ọmọṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi Izal fọ ilẹ̀ tán kọ́ ló yẹ kó lọ gba omi àyẹ̀wò o, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹni tó ń mu sìgá má dúró tì í, torí phenol wà nínú èéfín sìgá náà. Ohun tí à ń wá kéré débi pé ìka ọwọ́ kan tó ti bọ inú Izal lè ba gbogbo èsì jẹ́, kí ẹ sì máa gbẹ́ kànga tuntun lórí òórùn ọwọ́ ọmọṣẹ́.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n pé: kí ni iye tó kéré jù tí ẹ lè rí? Bí wọn kò bá lè sọ fún yín pé ó tó 0.001 mg/L tàbí kó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lọ síbòmíràn. Ẹ bi wọ́n bóyá ti àwọ̀ ni tàbí GC, kí ẹ sì bi wọ́n pé mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń rí gbà padà nígbà tí wọ́n bá dán ara wọn wò. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé. Ilé àyẹ̀wò tó mọṣẹ́ kì í bínú sí irú ìbéèrè yìí, kódà inú wọn á dùn pé ẹ mọ̀ ọ́n. "ND" tí wọn kò kọ iye kankan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ dá a padà fún wọn.

Bí èsì bá wá fi hàn pé phenol pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ńkọ́? Ẹ má ṣe bí àwọn ará Daegu, ẹ má da chlorine kún un nítorí kí òórùn lè lọ. Síse náà kọ́ ni ọ̀nà rẹ̀. Èédú tí wọ́n ṣe fún fífọ omi, irú èyí tó máa ń wà nínú àgbá kan lára ẹ̀rọ àwọn tó ń ṣe píọ̀ wọ́tà, máa ń di phenol mú dáadáa, ibi tó sì yẹ kó wà ni ìṣáájú chlorine. Àmọ́ èédú náà máa ń kún. Bó bá ti kún, phenol á bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá láìsí àmì kankan lójú, nítorí náà ẹ gba omi àyẹ̀wò ṣáájú àgbá èédú náà àti lẹ́yìn rẹ̀, nínú ìgò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ pààrọ̀ èédú gbẹ̀yìn sára ìgò kejì.